Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, lọ́sẹ̀ kejì wọ́n tún jà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tíṣà ni mí, kíláàsì àwọn ọmọ ọdún 13 ni mò ń mú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni wọ́n ti ní ká yéé lé ọmọ tó bá jà sílé, wọ́n ní ká máa lo restorative, ìyẹn ọ̀nà títún àárín àwọn tó jà ṣe dípò ìjìyà, ká máa jókòó bá wọn sọ̀rọ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n fi dá wa lẹ́kọ̀ọ́, ó tán síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọkùnrin méjì jà ní kíláàsì mi, mo pe àwọn méjèèjì, mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì ò la ẹnu. Mo ní kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ṣe é, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e wọ́n tún jà, èyí wá burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ti ń pe èkejì lórúkọ burúkú láti bí oṣù mẹ́ta, tó sì máa ń gba nǹkan ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá ọmọ yẹn ti ní òun ń bọ̀. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo ẹ̀. Ṣé ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí ká padà síbi tá a ti ń bọ̀?

Ìdáhùn:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, nínú méjèèjì, ọmọ tí ò la ẹnu yẹn ló dúró sí mi lọ́kàn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń fìtínà ẹ̀, nígbà tó wá gbéra jà, wọ́n mú un jókòó ti ẹni tó ń fìtínà ẹ̀, wọ́n sì ní kóun náà tọrọ àforíjì. Mi ò sọ ọ́ láti dá yín lẹ́bi o, torí pé èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọmọ yẹn ò sì bá mi sọ òtítọ́ kankan mọ́ títí tó fi kúrò nílé-ìwé yẹn, ó ṣì ń dùn mí dòní. Mò ń sọ ọ́ torí pé ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín wà. Àforíjì ọ̀ranyàn lẹ ṣe, kì í ṣe restorative. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fún yín ní wákàtí méjì yẹn, wọn ò fún yín ní iṣẹ́ ẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń rí nínú ọ̀nà yìí ni mítìn, kí àga wà ní àyíká, kí tọ̀tún tòsì jókòó, kí ẹnì kan máa béèrè ọ̀rọ̀. Mítìn yẹn ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tẹ́ ẹ ṣe kó tó dọjọ́ mítìn àti ohun tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ló ń sọ bóyá nǹkan á yí padà, tíyẹn ò bá sí, mítìn náà kàn máa ń fún ọmọ tó lágbára ní ibòmíì tó ti máa borí ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tọ́rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ díẹ̀, ẹ máa rí ohun tó sọnù nínú èyí tí wọ́n kọ́ yín. Lọ́dún 1974, nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Elmira, ní Ontario ní Kánádà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì mutí yó, wọ́n wá ń ba nǹkan jẹ́ kiri ìlú lóru, wọ́n ń gún táyà, wọ́n ń fọ́ fèrèsé, nǹkan ìní èèyàn 22 ni wọ́n bà jẹ́. Mark Yantzi, tó ń bá kóòtù mójú tó àwọn tó ṣẹ̀ sófin, ló dá a lábàá fún adájọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì lọ fojú kan àwọn tí wọ́n ṣe ní ṣùtá yẹn. Adájọ́ gbà. Wọ́n wá ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń sọ pé àwa la ṣe é, wọ́n ń dúró gbọ́ ohun tí onílé ní í sọ, wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n bà jẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Lọ́dún 1989 New Zealand sọ ọ́ dòfin pé kí ìpàdé ẹbí máa wà fún ọmọdé tó bá ṣẹ̀ sófin, ọ̀pọ̀ nínú èrò yẹn ló sì wá látọ̀dọ̀ bí àwọn Maori, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ látayébáyé, ṣe ń bá ara wọn parí ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1994 ni Margaret Thorsborne, tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ní Queensland ní Australia, wá gbé e wọ ilé-ìwé, nígbà tí ìjà burúkú kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ijó tí ilé-ìwé kan ṣe.

Ẹ wo àwọn ọmọ Elmira yẹn dáadáa. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ sọ́rì kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n gbà pé àwọn làwọn ṣe é kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn kankan, wọ́n gbọ́ ohun tó ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, wọ́n sì tún nǹkan ṣe, ẹni tó ń bójú tó wọn sì wà lẹ́yìn wọn títí ó fi parí. Ohun mẹ́ta yẹn, kí ó gbà, kí ó gbọ́, kí ó tún un ṣe, ìkankan nínú ẹ̀ ò wáyé nínú ti kíláàsì yín.

Ìdí tí mo fi gbà pé ilé-ìwé nílò ẹ̀ ju kóòtù lọ ni pé àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, tó bá jẹ́ àwọn àgbàlagbà méjì ni, èyí ń lọ sápá ọ̀tún, èyí ń lọ sápá òsì, wọ́n lè má ríra wọn mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín méjèèjì yẹn, inú kíláàsì kan náà ni wọ́n máa bá ara wọn láàárọ̀ ọ̀la, lórí bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ra. Ẹ lé ọ̀kan sílé fún ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ kẹfà ló ń bọ̀ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ti yín.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìjà àti ìfìtínà kì í ṣe nǹkan kan náà, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń ṣìnà sí. Ìjà ni tí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba bá ní gbólóhùn asọ̀, tí kálukú ní ẹjọ́ tiẹ̀, tí kálukú sì lè dá ara ẹ̀ gbà. Èyí, ẹ lè pe àwọn méjèèjì jókòó lọ́jọ́ yẹn gan-an, kódà àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ́ lè bá ẹgbẹ́ wọn parí ẹ̀. Ìfìtínà ni tí ẹnì kan bá lágbára ju ẹnì kejì lọ tó sì ń lo agbára yẹn léraléra, mi ò sì sọ agbára iṣan nìkan o, ó lè jẹ́ pé òun ló lọ́rẹ̀ẹ́ jù, tàbí òun lẹnu ẹ̀ mú jù, tàbí ó mọ àṣírí kan nípa ẹnì kejì. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń mú ìjà mú ìfìtínà, ẹ ti sọ fún ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ pé ẹ̀bi pín sí méjì, ìdajì sì jẹ́ tiẹ̀. Ṣebí ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, ẹni tó ń kó o láti oṣù mẹ́ta wá ni wọ́n wá ní kó bọ ẹni tó ń ṣu lọ́wọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè lójú ara wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ọ lójú ara wọn. Ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ tún wá pe ọmọ méjì mẹ́ta tó wà nítòsí, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo lẹ ti ń rí irú ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, ìgbà wo, ì bá ti fi oṣù mẹ́ta yẹn hàn yín.

Ẹ̀rín yẹn ńkọ́? Ó dájú pé ó bí yín nínú, ó máa bí ẹnikẹ́ni nínú. Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Lọ́dún 1992, Donald Nathanson, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àwọn tó ní ìdààmú ọkàn, ṣàlàyé pé tí ojú bá ń ti èèyàn tí kò sì lè gbé e, ibi mẹ́rin ló máa ń sá gbà: ó lè sá pamọ́ kó má sọ̀rọ̀ mọ́, ó lè máa bá ara ẹ̀ jà pé òun ò wúlò, ó lè máa ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ó sì lè kọjú ẹ̀ sí ẹlòmíì. Ẹ̀rín ọmọ yín yẹn, ẹ̀kẹta nínú wọn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹnì kejì, àkọ́kọ́ ni. Àwọn méjèèjì ni ojú ń tì, ọ̀kan torí ohun tó ṣe, ọ̀kan torí ohun tí wọ́n ṣe fún un, ẹ̀yin náà sì wà láàárín wọn, ẹ ń dúró de àforíjì. Mi ò ní gbogbo ọmọ tó bá ń rẹ́rìn-ín lojú ń tì o, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọn ò tíì gbà pé àwọn ṣe nǹkan kan rárá, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan kẹ́ ẹ tó mọ èyí tó jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi kún ìtìjú yẹn níwájú kíláàsì, ẹ máa sún un láti ẹ̀kẹta bọ́ sí ẹ̀kẹrin, ọmọ tó dákẹ́ yẹn ló sì máa jìyà ẹ̀ tílé-ìwé bá ti parí.

John Braithwaite, ọ̀mọ̀wé ará Australia, ti kọ ọ́ lọ́dún 1989 pé ìtìjú oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ń lé èèyàn jáde kúrò láàárín ẹgbẹ́, èkejì ń bá ìwà náà wí àmọ́ ó ń fa ẹni náà padà. Tẹ́ ẹ bá rántí òwe wa pé tá a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, ẹ máa rí i pé ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ yín tó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé wọ́n ti gé ọwọ́ òsì kúrò. Ìbẹ̀rù yẹn tọ́, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀. Ní àwọn ilé-ìwé kan, ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n yọ ìjìyà kúrò, wọn ò fi nǹkan kan rọ́pò ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ. Tíṣà tó bá jẹ́ àṣẹ nìkan ló mọ̀, àwọn ọmọ á bẹ̀rù ẹ̀ títí tó fi máa yíjú. Èyí tó jẹ́ pé àánú nìkan ló mọ̀, á máa ṣàwáwí fún wọn. Ẹni tí ọ̀nà yìí ń wá ni ẹni tó dúró gbọin lórí ohun tí ò dáa, tó sì dúró ti ọmọ náà títí tó fi máa tún un ṣe.

Kí lẹ máa wá ṣe báyìí? Ẹ fi mítìn sílẹ̀ ná. Ọ̀dọ̀ ọmọ tó dákẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ò ti ní rí i pé ẹ pè é, lásìkò tí ẹ ò ní máa wo aago. Ẹ̀yin sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ẹ sọ fún un pé, "Mo ti gbọ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀. Ó dùn mí pé mi ò tètè mọ̀, mo sì ṣe ohun tí ò tọ́ nígbà tí mo ní kó o tọrọ àforíjì." Mo mọ̀ pé ó ṣòroó sọ fún ọmọ ọdún 13, ó ṣòro gan-an, àmọ́ mi ò tíì rí ohun tó ń la ẹnu ọmọ tó ti pa ẹnu dé bí èyí. Tó bá wá ń sọ̀rọ̀, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló le jù nínú gbogbo ẹ̀ fún un, ẹ lè rò pé orúkọ tí wọ́n ń pè é ni, kó wá jẹ́ pé ẹ̀rín tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá wọn rín ló dùn ún jù. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ kó dúró kíákíá. Ẹ bi í pé ta ló fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ẹ wá bi í bóyá ó fẹ́ fojú kan ọmọ yẹn rárá, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé tó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti parí irú ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, mo kàn ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ó sì yọrí sí rere.

Lọ́jọ́ yẹn náà, kí ẹ ṣètò ààbò ẹ̀: ibi tó ń jókòó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń gbà, ìgbà ìsinmi, àkókò tí wọ́n ń tú ká. Èyí ò ní í dúró de ìlàjà kankan. Tó bá sì di pé kí ẹnì kan yí àga padà, ọmọ tó ń fìtínà ni kó jẹ́, ẹ má lọ ṣí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nípò bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pe èkejì. Ẹ yẹra fún "kí ló dé tó o fi ṣe é?" Gbogbo wa la máa ń béèrè ẹ̀, àmọ́ ìbéèrè yẹn, àwáwí ló ń bí, ọmọ ọdún 13 ò sì mọ ìdí tó fi ṣe é lóòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Terry O'Connell, ọlọ́pàá kan ní Wagga Wagga ní Australia, ṣètò àwọn ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣì ń lò káàkiri ayé títí dòní, wọ́n sì rọrùn débi pé ẹ lè kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé yín: Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lò ń rò lọ́kàn nígbà yẹn? Kí lo ti ń rò látìgbà yẹn? Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, báwo ló ṣe kàn wọ́n? Kí lo rò pé o gbọ́dọ̀ ṣe láti tún un ṣe? Ẹ béèrè wọn ní ohùn jẹ́jẹ́, lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dídákẹ́ yẹn ló máa ń ṣòro jù fún àwa tíṣà, ó ti mọ́ wa lára ká máa fi ọ̀rọ̀ kún àlàfo, ẹ jẹ́ kí àlàfo wà. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ má bá a jà, ẹ kàn ní, "Mo rí i pé ó ṣòro láti sọ, mo lè dúró."

Tó bá sẹ́ kanlẹ̀ pé òun ò ṣe nǹkan kan, mítìn ò gbọdọ̀ wáyé. Èyí ṣe pàtàkì o. Kí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ wá jókòó síwájú ẹni tó ń pè é lónírọ́, ìyà kejì nìyẹn. Ẹ padà sí òfin ilé-ìwé lórí irú ẹ̀, ẹ ríi pé ọmọ kejì wà láàbò, ẹ tún bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń wò. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń wo ilẹ̀. Ẹni tó ń fìtínà ń ṣe é fún àwọn tó ń wò ni lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ̀rín bá dáwọ́ dúró, ìdajì agbára ẹ̀ ti lọ. Ẹ pe méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn, ẹ má fẹ̀sùn kàn wọ́n, ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ rò pé ọmọ yìí ń rí nígbà tẹ́ ẹ bá ń rẹ́rìn-ín?"

Tó bá wá jẹ́ pé àwọn méjèèjì gbà láti jókòó, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó fọkàn tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí pé tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa dà bíi pé òun ló ń wá ẹ̀rí, àmọ́ tí èkejì bá ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé mo ṣe é, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀ láti sọ bó ṣe rí lára òun. Ẹ bi òun náà pé kí ló wá sí i lọ́kàn nígbà tó ṣẹlẹ̀, kí ló ti yí padà fún un, kí ló le jù, kí ló fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ báyìí. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà míì á jáde fúnra ẹ̀, nígbà míì kò ní jáde, ohun tó máa ń jáde nígbà yẹn sì lè dáa jù ú lọ, bí ọmọ kan tí mo rí tí ò sọ sọ́rì rárá àmọ́ tó wo ẹnì kejì tó ní, "Mi ò mọ̀ pé o máa ń sunkún nílé."

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. "Màá máa ṣe dáadáa" kì í ṣe àdéhùn. Èyí ni àdéhùn: yóò dá àwọn nǹkan tó gbà padà kó tó di ọjọ́ báyìí, yóò sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n yéé pè é lórúkọ yẹn, kò ní sún mọ́ ọn nígbà ìsinmi títí wọ́n á fi tún jókòó. Kí wọ́n má ṣe fipá mú wọn di ọ̀rẹ́ o, kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jọ máa ṣeré. Ẹ kọ déètì tẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí àdéhùn bá yẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti máa ń pàdánù gbogbo làálàá wọn nìyí, mítìn dáa, omijé bọ́, kò sì sẹ́ni tó padà béèrè.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ò yẹ kẹ́ ẹ gbé jókòó rárá. Ìbálòpọ̀ tipátipá tàbí ìfọwọ́kàn tí ò tọ́, ohun ìjà, ọmọ tí wọ́n ń lù nílé, ìwọ̀nyí ti kọjá tíṣà kíláàsì, ọ̀dọ̀ àwọn tí òfin yàn láti dáàbò bo ọmọdé ni kí wọ́n lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà yìí ò sì fagi lé òfin ilé-ìwé. Tí ìjà kejì yẹn bá le débi pé ẹnì kan fara pa, tí pírínsípà ní kí ọmọ kan dúró nílé fún ọjọ́ mélòó kan kí ara lè tutù, kò burú, àmọ́ kó má ṣe wọlé padà bí ẹni tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ tó bá padà, kí wọ́n jọ sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa lọ.

Ẹ bi mí bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Màá sọ bó ṣe rí fún yín. Lọ́dún 2018 àjọ RAND, àjọ tó ń ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí ilé-ìwé 44 ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, apá kan ń lo ọ̀nà yìí, apá kan ò lò ó, fún ọdún méjì. Lílé ọmọ sílé dín kù, àwọn tíṣà ní ilé-ìwé tura sí i, àmọ́ èsì ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sí ìkẹjọ lọ sílẹ̀. Ọmọ ọjọ́ orí tiyín gan-an nìyẹn, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Lọ́dún kan náà, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ti ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì 40 ní England jáde, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, ìfìtínà dín kù díẹ̀, àmọ́ wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi nínú ìwà jàgídíjàgan. Díẹ̀ o, mi ò sọ pé ó tán. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó máa tú gbogbo ìṣòro kíláàsì ká, kò sòótọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ yẹn, kí lẹ̀rí tiẹ̀? Lọ́dún 2008 ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà wo gbogbo ìwádìí tó wà lórí òfin pé ọmọ tó bá ti ṣẹ̀ kó máa lọ sílé láìwo ohunkóhun, wọn ò rí i pé ó fi kún ààbò ilé-ìwé tàbí pé ó tún ìwà ọmọ ṣe. Ọmọ tó ń fìtínà yẹn, tẹ́ ẹ bá lé e lọ sílé ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta yẹn títí dòní.

Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ pé 80 nínú 100 iṣẹ́ náà ló yẹ kó wáyé nígbà tí ìjà ò sí. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ ò lè tún àjọṣe tí kò sí tẹ́lẹ̀ ṣe. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ní àyíká, kí wọ́n máa gbé nǹkan kékeré kan látọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ò bá fẹ́ sọ kó gbé e fún ẹnì kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tó rọrùn, kí ló dùn mọ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn oṣù kan ẹ lè bi wọ́n pé kí la máa ń ṣe tí ẹnì kan bá ń bú ẹlòmíì níwájú wa. Ẹ̀yin náà, dípò "ẹ ti ya aláriwo jù," ẹ sọ pé, "Inú mi bà jẹ́ nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ tiyín, torí mo fi alẹ́ àná múra ẹ̀ sílẹ̀." Ó dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń rí i pé èèyàn lè sọ ohun tó dùn ún láìbú ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá pírínsípà yín sọ̀rọ̀ náà. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ kí èyí múlẹ̀, ọdún 3 sí 5 ni kó fọkàn sí, kì í ṣe wákàtí méjì. Ẹ ní kó fún yín ní àkókò, kí ẹnì kan bá yín mú kíláàsì nígbà tẹ́ ẹ bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, kó sì wá ẹni tó ti ṣe é rí tó máa jókòó pẹ̀lú yín nígbà àkọ́kọ́. Tó bá ní kò sí àkókò, ẹ sọ fún un pé àkókò tí ìjà kejì jẹ tán ju ìyẹn lọ.

Ó wá ku ìyá ọmọ yẹn. Ẹ má dúró dè é, ẹ pè é kó tó dé, àmọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sì ti ṣètò ààbò ẹ̀. Tó bá dé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ilé-ìwé, ẹ má sì máa ka ẹjọ́ ọmọ ẹlòmíì fún un. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe tí ò tọ́, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe báyìí. Ó ṣeé ṣe kó ní kí wọ́n lé ọmọ yẹn kúrò pátápátá, ẹ má bá a jiyàn, ohun tó ń wá ni kí ọmọ ẹ̀ lè lọ sílé-ìwé láìbẹ̀rù. Ẹ bi í pé, "Mà, kí lẹ máa rí lára ọmọ yín lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ pé ara ń tù ú?" Ó lè ní kó máa jẹun láàárọ̀, ó lè ní kó yéé sọ pé inú ń run òun ní gbogbo Mọ́ńdè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ẹ dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pè é. Lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ sì pè é o, bóyá ó ti dáa tàbí kò tíì dáa.